Ìka Tìẹ Ló So Òwú Yẹn

Má jókòó! Níyì, mo ní o má tíì jókòó, nítorí bí ìdí rẹ bá kan àga yẹn báyìí, wàá na ẹsẹ̀, wàá ní ó ti rẹ̀ ọ́, wàá ní ká jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ó tutù díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ á tún ṣú lé e lórí. Dúró síbẹ̀! Dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn pẹ̀lú Bíbélì rẹ lábíyá, kí n wo ojú ẹ dáadáa, kí n mọ̀ bóyá ìwọ náà ni Níyì tí mo fẹ́ ní Mushin níṣojú bàbá mi, àbí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ fún mi ní Yábàá.

Oúnjẹ? O gbójú bi mí ní oúnjẹ? Kò sí oúnjẹ o! Ta ni màá sè é fún? Ọmọ mi ò sí nílé. Ṣìmí, ọmọ tí kì í sùn bí mi ò bá fọwọ́ rà á lórí, ọmọ yẹn wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ, wọ́n ní kò gbọdọ̀ padà sọ́dọ̀ mi títí wọn á fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, nítorí pé àjẹ́ ni mí, mo di bàbá rẹ mọ́nú abọ́ áìsìkiríìmù! Èmi! Èmi Àrínọlá, ọmọ panẹ́bítà! Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, bí ẹnìkan bá sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ẹ̀sùn tí wọ́n máa fi kàn mí nílé ọkọ nìyí, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí ìfun á fi máa dùn mí.

Ṣé Mọ́mì ni mò ń bá jà? Rárá o. Ṣé Àǹtí Mabel ẹ̀gbọ́n rẹ ni? Ti Àǹtí Mabel ń bọ̀, màá dé ibẹ̀, ọjọ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ìwọ ni. Ìwọ ni mò ń bá jà, Níyì. Àwọn yẹn ò mọ̀, ìwọ mọ̀! Gbogbo ẹ̀yin ọmọ ilé yín pé sí pálọ̀ lánàá, èmi nìkan ló wà lórí ìkúnlẹ̀, ìyá rẹ yíjú sí ẹ, wọ́n ní, "Níyì, ṣé o mọ̀ sí nǹkan yìí?" O wo ilẹ̀. O wo fáànù. O wá la ẹnu rẹ, ẹnu tí o fi ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní sọ́ọ̀ṣì, o ní, "Mi ò mọ̀ nípa ẹ̀, mà." Mi ò mọ̀ nípa ẹ̀! Pítérù tó sẹ́ Jésù, ó kéré tán ó jáde síta, ó sunkún. Ìwọ, nígbà tí wọ́n gbé ìrẹsì dé, o ní kí wọ́n fi ẹran kan sí i.

Ó dáa. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá o ti gbàgbé, bóyá ó ń ṣe ẹ́ bíi pé ojú àlá ló ti ṣẹlẹ̀. Ta ló wọlé wá bá mi pé Dádì fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún? Ìwọ. Ta ló ní kí la máa fún wọn, pé aṣọ ti kún àpótí wọn wọn ò wọ̀ ọ́, pé aago ọwọ́ ò jọ wọ́n lójú? Ìwọ náà ni. Èmi ni mo wá ní, "Pijó wọn ńkọ́?" Ojú rẹ là! Pijó fáìfù-ó-fọ̀ yẹn, aláwọ̀ eérú, tí wọ́n fi gbé gbogbo yín lọ sílé ìwé, tí wọ́n gbé tà kí ìwọ lè wọ yunifásítì, tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ títí dòní bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìyàwó àárọ̀. Kò sí ìgbà tí a dé ibẹ̀ tí wọn kì í pè mí jókòó, wọ́n á ní, "Àrínọlá, ìwọ nìkan ni ọ̀rọ̀ mọ́tò yé nínú ilé yìí, wá, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wa Pijó mi dé Ìlọrin láìfẹsẹ̀ kan bíréèkì." Láìfẹsẹ̀ kan bíréèkì! Irọ́ ni, gbogbo wa mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń bi wọ́n pé kòtò Ògèrè ńkọ́, wọ́n á ní àwọn fò ó ni. Nínú gbogbo ilé yín, Níyì, Dádì nìkan ló lè dárúkọ iṣẹ́ bàbá mi láìyínmú.

O ní ká ra kékeré irú ẹ̀, ká kùn ún kó jọ tiwọn, "Ṣé o lè ṣe é?" Mo ní kí ló dé tí mi ò ní lè ṣe é? Kí ni mò ń ṣe láti kékeré? Àwọn ọmọbìnrin yòókù ń pọn ọmọláńgidi, èmi jókòó sábẹ́ igi ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, mò ń fi ìyókù ọ̀dà wọn kun ọkọ̀ ìṣeré onírin. Ọkọ̀ tí ń bẹ lórí ṣẹ́ẹ̀fù yẹn, ta ló kùn ún? Tọ́kùnbọ̀ funfun ni gbogbo wọn bá dé, èmi ló sọ wọ́n di mọ́tò Èkó.

Nígbà tí Pijó kékeré yẹn dé, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, o rántí? Bọ́ńpà iwájú, bọ́ńpà ẹ̀yìn, imú ọkọ̀, ìdérí táyà, gbogbo ẹ̀ ló ń dán gbinrin bíi dígí. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èmi kọ́! O ní, "Ṣùgbọ́n bọ́ńpà Dádì ò dán o." O dìde lọ sí Yábàá, o yọ fọ́tò nínú áábọ́ọ̀mù ìyá rẹ, o fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá síbí. Dádì rèé nínú kóòtù, wọ́n fẹ̀yìn ti Pijó wọn, bọ́ńpà dúdú kirikiri, nítorí ìpẹtà ti jẹ króòmù ẹ̀, wọ́n sì fúnra wọn ra ọ̀dà dúdú, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́yìnkùlé. O ní bí a bá gbé e fún wọn ní dídán, wọ́n á ní kì í ṣe tàwọn. Òótọ́ lo sọ! Mo yìn ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ọkọ mi lójú.

Ẹ̀n-ẹ́n, o ti ń rántí. Má wá máa yẹjú fún mi.

Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ ní kíṣìnì yẹn gan-an. Mo ní irin ni ara ọkọ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà ni bọ́ńpà àtàwọn wẹ́wẹ́ yòókù, wọ́n kàn fi króòmù bò ó ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Bí èèyàn bá kun ọ̀dà lé dídán yẹn lórí, ọ̀dà ò ní mú, kò ní pẹ́ tí á máa ṣí. Àfi kí a kọ́kọ́ bó dídán yẹn kúrò pátápátá. O ní kí la fi ń bó o, mo ní bílíìṣì. Bílíìṣì lásán! Bílíìṣì tí a fi ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ, èyí tí ó ń wọnú imú gbogbo ilé. Rẹ ẹ́ sínú ẹ̀ di ọjọ́ kejì, dídán á ṣí fúnra ẹ̀, rọ́bà á yọjú lábẹ́. Ṣùgbọ́n irin ò gbọdọ̀ kàn án, mo kì ọ́ nílọ̀, mo ní bílíìṣì á jẹ irin yẹn, á dúdú, á dáhò. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi tú ọkọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, tí mo wé ara irin sínú táwẹ́lì, tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó wá ku bí a ṣe máa fa àwọn nǹkan kéékèèké yẹn jáde láìtọwọ́ bọ bílíìṣì. Mo ní kí o bá mi wá okùn ìpẹja, èyí tí kì í hàn nínú omi. O ní o ò rí i. O ṣí àpò tí abẹ́rẹ́ wà, o mú òwú jáde. Òwú dúdú! Òwú funfun! Mo ní, "Níyì, òwú dúdú kẹ̀?" O ní, "Òwú ni òwú." Òwú ni òwú! Èmi náà, mo rẹ́rìn-ín. O jókòó sídìí tábìlì yẹn, o gbé jígí rẹ sójú, o so ó mọ́ bọ́ńpà iwájú, o so ó mọ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn, o so ó mọ́ imú ọkọ̀, o so ó mọ́ ìdérí táyà níkọ̀ọ̀kan. O ní dúdú fún èyí tí a máa kùn ní dúdú, funfun fún èyí tí a máa kùn ní àwọ̀ eérú, kó má baà rú wa lójú. Ìka tìẹ, Níyì! Ìka tìẹ ló so òwú yẹn, kì í ṣe tèmi! O gbé gbogbo ẹ̀ kọ́ sára igi súyà, ó rọ̀ dirodiro sínú abọ́ áìsìkiríìmù tí a da bílíìṣì sí. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo lẹ fọ́tò Dádì mọ́ ìdérí abọ́, kí n má fi àwọ̀ kan pe òmíràn, mo sì kọ nọ́ńbà mọ́tò wọn sórí bébà pélébé sábẹ́ ẹ̀. Mo gbé e sí bálíkónì ẹ̀yìn kí òórùn ẹ̀ má baà pa Ṣìmí léèémí. A pa iná, a sùn. O tiẹ̀ ń súfèé.

Àǹtí Mabel, ó dáa, jẹ́ kí n ṣe bí olóòótọ́. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tó ṣí abọ́ ní bálíkónì ìyàwó àbúrò ẹ̀, tó bá bọ́ńpà mọ́tò tí wọ́n fi òwú dúdú so kọ́, tí ó ń mì nínú omi, fọ́tò bàbá ẹ̀ lókè, nọ́ńbà mọ́tò bàbá ẹ̀ nísàlẹ̀, kí lo fẹ́ kó rò? Mo gbà! Èmi pàápàá, bí mo bá bá irú ẹ̀ nílé onílé, màá sá, màá fi bàtà mi sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó ṣí i? Kí ló ń wá nínú abọ́ áìsìkiríìmù? Èwo nínú ilé Yorùbá ni áìsìkiríìmù ti ń wà nínú abọ́ áìsìkiríìmù? Ata ni! Ata àti ẹ̀gúsí! Mo wà níbi iṣẹ́ mi, mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń ya ìkòkò, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ pé òun fẹ́ mú kúlà, ó sì rìn títí dé bálíkónì. Kúlà wà ní kíṣìnì, lójú ẹ̀! Ó tún wá ṣí i, imú ẹ̀ ò gbọ́ òórùn bílíìṣì? Ta ló fẹ́ pa bàbá ọkọ ẹ̀ tó máa kọ́kọ́ fọ̀ wọ́n mọ́?

Má rẹ́rìn-ín. Má dán an wò. Kò sí ẹ̀rín ńbẹ̀.

Ó ya fọ́tò, ó ya fídíò, ó gbé e sórí wasáàpù ìdílé, àbúrò Dádì tó wà ní Kánádà ti rí i kí èmi tí mo ni abọ́ tó rí i. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú fídíò, ó ń gbọ̀n, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ wá wo ohun tí ìyàwó Níyì ń fi Dádì ṣe!" Ó da òróró àdúrà sí i, ó dà á sí gọ́tà, bọ́ńpà, imú ọkọ̀, ìdérí táyà, òwú, gbogbo ẹ̀ bá omi ìdọ̀tí àdúgbò Àgùdà wa yìí lọ. Ó wá tú táwẹ́lì. Ọmọ odó mi ló gbé, Níyì, ọmọ odó tí mo fi ń gúnyán fún ẹ, ó fi lu Pijó Dádì lórí símẹ́ńtì. Irin yẹn kì í tẹ̀ bíi páànù, kíkán ló máa ń kán. Ó kán bíi bísíkíìtì. Nígbà tí mo dé, mo rò pé dígí ló fọ́ sílẹ̀, mo ní kí Ṣìmí má tẹ ibẹ̀, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo rí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣì pé. Ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ awakọ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún, nígbà yẹn mi ò sì tíì mọ̀ pé ẹ̀sùn wà ńlẹ̀ o, mo rò pé olè ló wọlé ni!

Kí lo sọ? Pé Dádì ṣubú? Ta ló ní wọn ò ṣubú? Wọ́n yọ̀ nínú balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹni ọgọ́rin ọdún, orí táìlì tútù, pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti wà ní ọsibítù Ìdí-Àràbà kí Àǹtí Mabel tó débí, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi ń wá kúlà, kó lè fi gbé oúnjẹ lọ! Ṣùgbọ́n ó kàn ti rí abọ́, ó ti rí òwú, ó wá ń pariwo lójú gbogbo ẹbí pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Ọmọ wo ló kú? Dádì kú ni? Dádì tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń bá àwọn dókítà kéékèèké jiyàn lórí bọ́ọ̀lù! Eegun ìbàdí wọn ló sán, Ọlọ́run á sì wò ó.

Ó dùn mí, Níyì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun.

Mo se ọbẹ̀ ẹja, mo gbé e lọ. Àǹtí Mabel dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń lé ewúrẹ́, ó ní, "O ò ní kọjá níbí." Níwájú àwọn nọ́ọ̀sì! Níwájú àwọn tó wá kí aláìsàn wọn! Obìnrin kan yọ ọmọ ẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé ọbẹ̀ padà, mo rìn títí dé òpópónà kí n tó rántí wọ ọkọ̀. Haleemah ìsàlẹ̀ wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ló wá sọ fún mi pé bàbá náà ò yé béèrè ìyàwó ọmọ wọn tó mọ̀ nípa mọ́tò, pé wọ́n sọ fún wọn pé mo rìnrìn àjò. Ìrìn àjò wo? Ta ló fún mi ní pásípọ́ọ̀tù? Èyí tó o jókòó síbẹ̀ tí wọ́n fi pa irọ́ yẹn fún bàbá rẹ, èwo lo tún sọ nígbà yẹn, pé o ò mọ̀ nípa ẹ̀?

Ká padà sí pálọ̀ àná. Mo kúnlẹ̀. Wọn ò ní kí n dìde. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi gbẹ, mo ní króòmù ni, mo ní rọ́bà ni, mo ní ọ̀dà ò ní mú. Àwọn àgbàlagbà ń wò mí bíi pé mò ń sọ èdè Ṣáínà. Mọ́mì wá ní, ohùn wọn tutù, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù, wọ́n ní, "Gbogbo ayé ló ń wá ohun tó ń dán, ìwọ ń bó dídán kúrò lára nǹkan. Dídán ayé ọkọ mi lo fẹ́ bó, Àrínọlá?" Àǹtí Mabel sì gbà á lẹ́nu wọn, "A sọ fún Níyì! A sọ fún un nígbà náà pé kó má lọ fẹ́ ọmọ inú gírísì ní Mushin, ta ló mọ ohun tí wọ́n ń dì pamọ́ sábẹ́ mọ́tò!" Gbogbo ìyẹn, mi ò fèsì. O mọ ìdí tí mi ò fi fèsì? Nítorí o wà níbẹ̀. Mo gbọ́kàn lé ẹ. Mo ní nínú ara mi pé ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ọkọ mi á dìde báyìí, á ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo so òwú o," gbogbo wọn á sì dákẹ́, bóyá a tiẹ̀ máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Mọ́mì bi ẹ́, mo ti ń rọra dìde lórí eékún, Níyì! Mo ti ń dìde!

O ní o ò mọ̀ nípa ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di ọmọ mi mú. Ọ̀rọ̀ rẹ ló di ọmọ mi mú, kì í ṣe ọwọ́ ìyá rẹ. Ṣìmí na ọwọ́ sí mi, bàtà ẹ̀ kan bọ́, Àǹtí Mabel gbé e wọ yàrá, ìwọ sì ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí pé kí n má bínú, pé kí n máa lọ sílé ná.

Ẹ̀rù bà ẹ́? Ẹ̀rù wo ló ba ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n funfun? Mọ́mì ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Èmi ńkọ́, omi ló wà nínú iṣan tèmi? O ò fẹ́ kí Dádì gbọ́ nípa ẹ̀bùn kó tó di ọjọ́ ìbí? Ẹ̀bùn wo ló kù, Níyì? Èyí tó wà nínú gọ́tà?

Tún un sọ. Rárá, tún un sọ, má kàn án mọ́ eyín. Pé bí o bá sọ pé o mọ̀ sí i, wọ́n á ní mo ti fún ẹ ní nǹkan jẹ, mo ti gba ojú rẹ? Ẹ̀n. Ó ṣeé ṣe. Mi ò ní parọ́, Àǹtí Mabel lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó sọ ọ́! Kó pe àwa méjèèjì! Kí wọ́n ní kí ìwọ náà kúnlẹ̀! Ìwọ rò pé ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n gbà mí gbọ́? Mo fẹ́ ẹni tí á bá mi kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn, kí eékún mi má baà dá wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní àjẹ́ ni tọkọtìyàwó, ó dáa náà, a jọ máa gbé ẹ̀sùn wa lọ sílé, a jọ máa jẹ ẹ̀bà lé e lórí. Ṣùgbọ́n o fi mí sílẹ̀ fún wọn. O yẹra díẹ̀, báyìí, bí ẹni tí omi fẹ́ ta sí lára.

Wọ́n máa ń sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọjọ́ lọjọ́ ọjà, mo sì ti ṣe tán láti kiri òtítọ́ tèmi láti ojúlé dé ojúlé. Bàbá mi ò tíì gbọ́ o! Mò ń bò ọ́ láṣìírí ni. Bí wọ́n bá gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé wọ́n pe ọmọ àwọn lájẹ̀ẹ́, pé wọ́n gba ọmọ ọmọ wọn mọ́ ọn lọ́wọ́, o mọ àwọn èèyàn Mushin, o mọ̀ pé kì í ṣe kíkúnlẹ̀ ni wọ́n máa bá wọ Yábàá. Mi ò fẹ́ ìyẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jà. Mi ò tiẹ̀ ní kí Àǹtí Mabel bẹ̀ mí, kó gbé ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ pamọ́, ẹni tó rí ohun tó rí tó sá, ó ní àwíjàre. Ìwọ lo ò ní.

Má sọ pé ọ̀la. Ọ̀la wo? Ṣé ọmọ mi á tún sùn láìsí èmi lálẹ́ òní? Wọ́n ti ń kọ́ ọ pé kó má gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi, ṣé o mọ̀? Ó sọ fún mi lórí fóònù láàárọ̀ kí wọ́n tó já a gbà. Ó ní, "Mọ́mì mi, ṣé òótọ́ ni pé ẹ fi Gìràńpá sínú omi?" Ọmọ ọdún mẹ́rin! Mo ní rárá, ọmọ mi. Ó ní, "Kí Dádì mi sọ fún wọn." Ìwọ ni ọmọ náà pè o, Níyì, kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ.

Wo aago. Àkókò ìbẹ̀wò ni wọ́n wà yìí, gbogbo wọn ló yí bẹ́ẹ̀dì Dádì ká ní Ìdí-Àràbà, Mọ́mì, Àǹtí Mabel, Ṣìmí náà wà níbẹ̀. Fóònù rẹ rèé. Pè wọ́n. O ò lè pè wọ́n? Ìka tó fa òwú wọ ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ ò wá lè tẹ nọ́ńbà mọ́? Ó dáa, gbé e fún mi. Mo ní gbé e fún mi! Jókòó báyìí, jókòó, mo yọ̀ǹda fún ẹ. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Mo ti jẹ́ kó máa dún síta kí àwa méjèèjì lè gbọ́. Bí o bá tún sẹ́ mi létí bàbá rẹ, màá palẹ̀ ẹrù mi mọ́ nígbà tí o bá ń jẹ oúnjẹ rẹ, mi ò ní bá ẹ jà, mi ò ní pariwo mọ́ láé, màá lọ mú ọmọ mi níwájú gbogbo wọn, ẹni tó bá lè dá mi dúró kó dá mi dúró.

Ó ń dún.

Àǹtí Mabel? Ẹ káàsán, mà. Ẹ dákun, ẹ má pa á, mi ò pè yín láti bá yín jà. Ẹ kàn bá mi gbé fóònù sún mọ́ Dádì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, nítorí Ọlọ́run... Dádì! Dádì, ẹ kú ìnira o, sà. Rárá, sà, mi ò rìnrìn àjò, Àgùdà níbí ni mo wà. Àbí? Rárá sà, mi ò sunkún, ọ̀finkìn ni. Ẹ ṣé, sà. Àmín, àmín o. Dádì, ẹ ní sùúrù díẹ̀, kí Mọ́mì àti Àǹtí Mabel náà tẹ́tí. Ọmọ yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu ẹ̀ tó fẹ́ sọ létí gbogbo yín.

Níyì, bàbá rẹ ń dúró.